Àwọn Pátákó Ọgbà Ejò ní Niangon

Iṣẹ́ pátákó ni mò ń ṣe. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára pátákó àti ògiri ní Marcory, l'Ábíjàn, ti àwọn onígbàjámọ̀, ti àwọn aránṣọ, ti àwọn tó ń ta fóònù. Bí mo bá ya orí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, ẹ óò rò pé ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ni. N kò ya ejò rí títí àbúrò mi fi ríṣẹ́ sí ọgbà ejò kan ní Niangon. Ká ní mo mọ̀ ni, orí obìnrin ni ǹ bá máa yà lọ.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi jù ú lọ. Kò tíì rìn nígbà tí bàbá wa kú n'Ísẹ́yìn, nítorí náà èmi àti ìyá wa la jọ tọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń nawọ́ nǹkan sí àgbà, pé bí nǹkan náà bá tóbi, ọwọ́ méjèèjì ni, kí èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ó fi ọwọ́ òsì gbé ife omi fún mi. Mo da omi náà nù, mo ní kó lọ bu òmíràn wá. Ìgbà mẹ́ta ló pa dà sí ìdí àmù kí ó tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ìyá wa jókòó níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn sí mi. Inú èmi náà dùn sí ara mi. Ẹ máa rí i pé inú mi kì í pẹ́ dùn sí ara mi.

Ó kàwé nípa ẹranko ní iléèwé gíga, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó wá jókòó ti ìyá wa fún ọdún mẹ́ta láìríṣẹ́. Ni mo bá ní kó máa bọ̀ l'Ábíjàn. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, àwọn ọmọ mi méjèèjì tí a bí síbí sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi bàbá wọn lọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń dáhùn, ohun tí mo máa ń torí ẹ̀ pariwo. Òun kì í pariwo, á kàn bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fi í sọ́dọ̀ ará ìlú wa kan tó ń ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá Treichville. Oṣù mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀. Oníbàárà á dúró, á máa fọwọ́ pa aṣọ, àbúrò mi á máa wo ọmọnílé tó lẹ̀ mọ́ àjà, á ní kí oníbàárà náà wò ó bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe di àjà mú. Ará ìlú wa pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ò burú o, ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló wá tà.”

Bí ó ṣe gbọ́ nípa ọgbà ejò náà, n kò mọ̀. Ẹni tó ni ín jẹ́ bàbá ará ibí kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, le Vieux, ìyẹn Bàbá Àgbà, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Abẹ́ òrùlé páànù kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló kó àwọn ejò àti alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ sí, nínú àwọn àpótí onígíláàsì, àwọn òbí àti olùkọ́ a sì máa kó àwọn ọmọ wá wòran. Àwọn ẹranko náà kò pọ̀. Àwọn tó ṣàjèjì jù láyé, ìlú òkèèrè ni wọ́n wà, le Vieux kò sì lè rí wọn kó wá. Ó wá pinnu pé pátákó ni òun yóò fi rọ́pò wọn: kí wọ́n ya ẹranko kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sábẹ́. Àbúrò mi ní òun mọ ẹni tó lè ṣe é. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ti Marcory lọ sí Niangon lọ́jọ́ mercredi àti samedi, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta, nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀dà àti bọ́rọ́ọ̀ṣì nínú àpò.

Le Vieux á pe ọ̀rọ̀ Faransé tí mo máa kọ sábẹ́ àwòrán, àbúrò mi á wá jókòó tì mí, á fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ yà. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà dà bí alángbá, inú omi ihò àpáta ló ń gbé nílẹ̀ Yúróòpù. Kò lójú. Ó ní ojú nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n awọ hù bò ó, torí kò sí ohun tó fẹ́ wò nínú òkùnkùn yẹn. Ó lè gbé ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹun, kó má kúrò lójú kan.

Mo ní, “Kí ló wá ń dúró dè?”

Àbúrò mi ní, “Kò dúró de nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn wà láàyè ni.”

Mo ní ìyẹn kì í ṣe ayé. Mo po ọ̀dà funfun mọ́ pupa díẹ̀, mo fi yà á, nígbà tí mo sì parí rẹ̀, kò wù mí wò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ya ọ̀pọ̀lọ́ kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tó pẹlẹbẹ bí ewé tí ọkọ̀ tẹ̀. Ẹ̀yìn abo ni ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́, awọ á hù bo ẹyin náà mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ á dàgbà nínú ẹ̀yìn ìyá wọn títí wọn yóò fi dá awọ lu jáde. Mo ya àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ obìnrin kan dé ẹ̀yìn mi, ó wò ó, ó fọwọ́ bo ojú ọmọ tó mú lọ́wọ́. Mo tún ya àkèré Kamẹrúùnù tó jẹ́ pé bí ọ̀tá bá ká a mọ́, á ṣẹ́ egungun ìka ara rẹ̀, egungun náà á gún awọ yọ síta, á sì fi jà. Mo ya alángbá omi ti Mẹ́síkò, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń hù pa dà bí wọ́n bá gé e. Ti Nimba, níbí yìí, lójú ààlà Gínì, le Vieux ní kí n yà á sórí pátákó tó tóbi jù: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tó ń lóyún fún oṣù mẹ́sàn-án bí èèyàn, tó sì ń bí ọmọ láàyè. Ó ní, “Celui-là, c'est pour nous.” Tiwa ni èyí. Ó dúró tì mí títí mo fi parí rẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Kẹ́ńyà. Bí ẹ bá rí i, ẹ óò ní ekòló ni, ṣùgbọ́n ó ní egungun, ó sì ní eyín. Bí ó bá bímọ, awọ ara rẹ̀ á nípọn, á kún fún ọ̀rá, àwọn ọmọ á sì máa fi eyín bó o jẹ. Ìyá á dùbúlẹ̀ kalẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ awọ náà á tún nípọn, wọ́n á tún bó o. Àbúrò mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya èyí dáadáa o. Ìyá wa nìyí.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. N kò mọ̀ pé inú mi lè dùn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ejò.

Ọgbà náà ní òfin kan tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ àpótí ejò, tàbí tí wọ́n fẹ́ gbé ejò láti ibì kan sí ibòmíràn, inú àpò aṣọ funfun ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á sì ta ọrùn àpò náà ní kókó. Ẹni tó gbé e á fi ọwọ́ òsì di òkè kókó náà mú, á nà án jìnnà sí ara, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ló mú ọ̀pá irin tó tẹ̀ lórí tí wọ́n fi ń gbé ejò. Kì í gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ilẹ̀ ló ń gbé e sí, á sún sẹ́yìn, ẹni kejì á wá fúnra rẹ̀ mú un láti ọrùn. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àpò, nítorí eyín ejò ń gba aṣọ kọjá. Le Vieux sọ gbogbo èyí fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé. Mo gbọ́ ọ. Mo mi orí.

Ní samedi kan, mo fẹ́ wo ara erè kékeré kan dáadáa, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Kò lóró rárá. Mo ní kí àbúrò mi gbé e wá síbi tí mo jókòó sí. Ó dé pẹ̀lú àpò ní ọwọ́ òsì, ó gbé e sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mi, ó sún sẹ́yìn.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú un láti ọrùn.”

Àwọn olùkọ́ obìnrin méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó tó ogún. Gbogbo wọn ń wo bí ẹni tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi ṣe gbé nǹkan sílẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì. Ìbínú ru bò mí.

Mo ní, “Kí lo ṣe yẹn? Ọwọ́ òsì lo fi gbé nǹkan wá fún mi? O wá jù ú sílẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ mú un bí ajá tí wọ́n ju eegun sí? Ṣé bí ìyá wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn, àbí Abíjàn ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ?”

Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú àwọn àlejò náà, ṣùgbọ́n ohùn mi yé gbogbo wọn. Ọmọ kan ní, “Il a fait quoi, le tonton?” Kí ni ọkùnrin náà ṣe? Olùkọ́ rẹ̀ fà á lápá pé kó dákẹ́.

Le Vieux sáré wá. Ó fi sùúrù sọ fún mi pé òfin ibẹ̀ ni, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Mo dá a lóhùn, mo sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ náà gbọ́: “Tonton, la règle du serpent, c'est pour le serpent. Chez nous, le petit respecte son grand frère.” Òfin ejò, ti ejò ni, nílé tiwa, àbúrò ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Mo rántí pé mo gbádùn gbólóhùn yẹn lẹ́nu mi.

Àbúrò mi kò bá mi jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.” Ó dìde, ó gbé àpò náà, ọwọ́ òsì lórí kókó, ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e fún mi. Mo gbà á. Erè náà yí ara rẹ̀ nínú aṣọ, kò ṣe nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn, ó di olófin méjì. Bí ó bá ń gbé ejò fún le Vieux tàbí ẹlòmíràn, ilẹ̀ ló ń gbé e sí. Bí ó bá jẹ́ èmi, ọwọ́ méjèèjì ni, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọ̀gà wá fún mi bẹ́ẹ̀, ó gbé ahun wá bẹ́ẹ̀, ó gbé ejò inú koríko wá bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ó rẹ́rìn-ín sọ fún mi pé le Vieux bá òun wí, pé kí òun má ṣe é mọ́, pé ọwọ́ èèyàn kì í mọ ìyàtọ̀ bí nǹkan bá ti mọ́ ọn lára. Ó ní òun dá le Vieux lóhùn pé ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni òun ń ṣe é fún, pẹ̀lú àwọn tí kò lóró. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ pé kó jáwọ́. Mo bi í bóyá ó ti rí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí mo ní kó bá mi rà.

Ó ku pátákó kan ṣoṣo, ti paramọ́lẹ̀ oníwo. Ejò ilẹ̀ yìí ni, inú igbó ńlá ló ń gbé. Ó nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ, ó hu ìwo méjì kékeré sí imú, ara rẹ̀ sì ní ọnà tó pọ̀ ju ti ẹní ìkírun tí wọ́n ń tà ní Treichville lọ. Eyín rẹ̀ gùn ju ti ejò yòókù láyé. Le Vieux ní ọ̀kan, igun tó ṣókùnkùn jù lábẹ́ òrùlé ló gbé e sí nítorí pé ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ọjọ́ mardi kan ni, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Kò sí àlejò. Le Vieux ti lọ sí abúlé rẹ̀ fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo wá torí pé mo fẹ́ parí iṣẹ́ náà kó tó dé. Mo jókòó síwájú àpótí paramọ́lẹ̀ náà, mo ṣẹ́jú títí, n kò rí ìwo imú rẹ̀ dáadáa. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó gbé e bọ́ sínú àpótí òfìfo tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí le Vieux dé.”

Mo ní, “Ìwọ kọ́ lò ń tọ́jú wọn ni? Àbí o fẹ́ kí n tún wọkọ̀ wá lọ́la?”

Ó fi ọ̀pá irin kó ejò náà sínú àpò, ó ta kókó. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, ó mọ iṣẹ́ náà. Ó gbé e bọ̀ bí òfin ṣe wí, ọwọ́ òsì nínà síta. Nígbà tó dé ẹ̀bá fèrèsé, ó rí i pé ìdérí àpótí òfìfo náà ṣì wà ní títì. Èmi ni mo dúró tì í. Mo na ọwọ́ méjèèjì síta, mo ní, “Gbé e wá, kí o lè ṣí i.”

Ó yẹ kí n sọ pé n kò ronú, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo fẹ́ kọ. Mo rí i pé ó dúró díẹ̀. Mo rí i pé ó wo ilẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò náà síbẹ̀. Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi wà ní nínà, mo sì fi ojú wò ó bí mo ṣe máa ń fi ojú wò ó láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ó fi ọ̀pá irin ti ògiri. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sí abẹ́ àpò náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó nà án sí mi.

Kò kígbe. Ó kàn fa èémí wọlé. Mo rí aṣọ náà tó fò lẹ́ẹ̀kan, mo rí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ méjì tó yọ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ju àpò náà nù, bó bá sì jù ú, ara mi ló máa bà. Kò jù ú. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún sẹ́yìn.” Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí, ó fi ọ̀pá irin gbé àpò náà sínú rẹ̀, ó tì í, ó gbọn kọ́kọ́rọ́ náà wò bóyá ó dè. Ọwọ́ tí ejò bù jẹ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn etí mi.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí kò ní oògùn oró ejò. Wọ́n ní ká máa lọ sí èyí tó tóbi, lódì kejì ọ̀sà. Mo dá tákísí dúró, a wọ̀ ọ́, ọkọ̀ sì dí pa láti Niangon títí dé orí afárá. Mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń ha ọ̀dà gé okùn aago ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ náà ti wú bò ó. Awakọ̀ ń fọn fèrè, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé “Pardon, pardon, malade!” Ẹ jọ̀ọ́, aláìsàn rèé. Àbúrò mi gbórí lé èjìká mi. Ó ní kí n má tíì sọ fún ìyá wa. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kejì nù ún kí n má baà rí i.

Wọ́n gbà wá kíákíá. Nọ́ọ̀sì bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹnu mi là, ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀. Òun ló yára dáhùn. Ó ní, “C'est ma faute. J'ai mal tenu le sac.” Ẹ̀bi òun ni, òun ò di àpò náà mú dáadáa. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi kò wò mí, èmi náà ò wò ó. Wọ́n fún un lóògùn, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ní mercredi, ó tiẹ̀ béèrè bóyá mo ti rí ìwo náà kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní jeudi, ọjọ́ kejì rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àṣárì, ó kú.

Ọjọ́ náà gan-an la sin ín. Àwọn ará Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ìgbòho ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n wá. Le Vieux ti abúlé dé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ohun kan ò yé òun: àbúrò mi mọ òfin náà ju òun tó ṣe é lọ. Kí ló dé tó fi ọwọ́ sí abẹ́ àpò? Ó wò mí lójú bó ṣe béèrè rẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀. Mo ní, “Je ne sais pas, Tonton.” N kò mọ̀.

Ó kó gbogbo ejò náà fún àwọn olùṣọ́ igbó, ó ti ọgbà. Nígbà tí mo lọ kó bọ́rọ́ọ̀ṣì mi, ó ti to àwọn pátákó mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ti Mẹ́síkò ló wà níwájú, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń hù pa dà. Mo yí i kọjú sí ògiri. Inú bí mi sí ẹranko náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo yà á.

Mo lọ sílé fún fídáù ogójì ọjọ́. Ohun tí mo ti sọ fún ìyá wa lórí fóònù ni ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀: ejò bù ú jẹ lẹ́nu iṣẹ́, kò di àpò mú dáadáa. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá kí wa ń mi orí, wọ́n ń ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù, wọn kì í fara balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ìyá wa pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gbẹ. Ó ní, “Àìfarabalẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí mo bí, tí ìwọ tọ́. Ṣé lóòótọ́ ni pé àìfarabalẹ̀ ló pa á?”

N kò lè gbé ìyẹn lé àbúrò mi lórí nínú sàréè. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ òfin ọgbà náà. Mo sọ bí mo ṣe bú u níwájú àwọn àlejò. Mo sọ bí mo ṣe na ọwọ́ mi, tí ó wo ilẹ̀, tí n kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò. Mo sọ pé èmi ni mo pa á. Mo di ìbàdí aṣọ rẹ̀ mú, mo ń sunkún bí ọmọdé, mo ń retí ìgbájú.

Ó wá bi mí pé, “Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún ọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ó sì bẹ̀rẹ̀?”

“Ó bẹ̀rẹ̀.”

Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi ò dójú tì mí.” Ó gbé mi dìde. Ó ní kí n má pe ara mi ní apànìyàn mọ́, pé bí òun ṣe tọ́ mi ni mo ṣe tọ́ ọ, pé kádàrá Ọlọ́run ni ejò, ṣùgbọ́n tiwa ni ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wù mí kó gbá mi létí. Mo dúró níbẹ̀ pé bóyá yóò pa dà wá bú mi, ṣùgbọ́n ó ti wọlé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ fídáù, nígbà tí wọ́n parí àdúrà tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ kiri, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín àwọn àlejò. Ó ń sọ ọ́ fún wọn. Ó ní kì í ṣe àìfarabalẹ̀ ló pa ọmọ òun. Ó ní ọmọ òun mọ̀ pé ikú wà nínú àpò náà, síbẹ̀ kò gbé e sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n bi í pé ta ló tọ́ ọ, ìyá wa sì nawọ́ sí mi. Bàbá àgbàlagbà kan, àbúrò bàbá wa, yíjú sí mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ tèmi náà máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu báyẹn títí ayé.

Gbogbo wọn ní àmín. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúró de tèmi. Mo ní àmín.